Gẹ̀ẹ́sì Ìrẹ́jẹ Lẹ́nu Ògbufọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìran kan ti fojú rí lọ́wọ́ aláṣẹ, lọ́wọ́ oníṣòwò àti lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, kí ó má wulẹ̀ jókòó ti ìwé ìtàn nìkan. Kí ó tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí ìran náà fi ń sọ pé ẹnìkan ti jẹ ohun tí ó tọ́ sí ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kóòtù ni èmi fi jẹun láti ìgbà èwe títí orí fi hewú, tí mo ń dúró láàárín adájọ́ tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé rẹ̀ àti àgbẹ̀, alájàpá, bíríkìlà òun opó tí kò ní èdè mìíràn ju èyí tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sì gbà lẹ́nu ẹnìkan fi fún ẹnìkejì, kò sí èyí tí ó wúwo tó àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìrẹ́jẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orírun, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ẹni tí ó ń gbè: òmíràn ń gbe ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, òmíràn ń gbe ẹni tí ó rẹ́ni jẹ, bí a kò bá sì fi sùúrù yẹ̀ wọ́n wò, ẹnu ara wa ni a ó fi máa jẹ́rìí lòdì sí ara wa.

Ẹ wo "cheat", ọ̀rọ̀ tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sun olùkọ́ bí ẹgbẹ́ náà bá yọjú wo ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Ilé ọba ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, bí ẹni tí ó di ilẹ̀ mú bá kú láìní àrólé, ilẹ̀ náà a padà sọ́wọ́ olúwa tí ó fún un, tàbí sọ́wọ́ ọba fúnra rẹ̀. "Escheat" ni wọ́n ń pe ìpadàsọ́wọ́ yìí, òfin ni, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀ lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ọba yan àwọn ìjòyè tí yóò máa tọpinpin irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ìjòyè náà sì fi àṣẹ ọba bojú, wọ́n ń sọ ohun ìní onínǹkan di ti ọba, títí àwọn mẹ̀kúnnù fi gé orúkọ iṣẹ́ wọn kúrú, tí wọ́n sì sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ́un: àwọn tí ilẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni ó sọ iṣẹ́ náà lórúkọ, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni ó sì kù títí di òní, nígbà tí ipò àwọn ìjòyè náà ti pa run. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí pé kò wọ́pọ̀ kí ọ̀rọ̀ tálákà borí ọ̀rọ̀ ọba.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "fleece", tí í ṣe rírẹ́ irun àgùntàn títí ara rẹ̀ yóò fi ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni "dock", tí í ṣe gígé ìrù ẹran kí ó tó di gígé owó oṣù òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni "bilk", tí ó ti inú ayò káàdì jáde ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ọwọ́ tí ń gé wà níbẹ̀, ẹni tí a ń gé lára sì wà níbẹ̀. Bí agbẹjọ́rò bá lo ọ̀kan nínú wọn, Yorùbá rẹ̀ kì í jìnnà sí mi lẹ́nu, nítorí pé bí àwọn baba wa náà ti ń sọ ọ́ nìyẹn: wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, wọ́n yàn án jẹ, wọ́n lù ú ní jìbìtì, wọ́n kó o jẹ.

Ọ̀wọ́ kejì ni mo kórìíra. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì mú orúkọ odindi ẹ̀yà kan, tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe fún ìrẹ́jẹ. "Welsh" ni wọ́n ń wí, láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nípa ẹni tí ó gba owó tẹ́tẹ́ ní pápá eré ẹṣin tí ó sì sá lọ kí ẹni tí ó jẹ tó dé láti gba èrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ àwọn ará Wales ni. "Gyp" ni àwọn ará Amẹ́ríkà mú wá ní òpin ọ̀rúndún kan náà, àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn Gypsy, ìran tí wọ́n ń lé láti ìlú dé ìlú, tí àwọn fúnra wọn kò rí ẹni san ẹ̀tọ́ wọn fún wọn. Orúkọ àwọn Júù pẹ̀lú kò yè é. Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe fún dídúnàándúrà àti ìyànjẹ, ìwé atúmọ̀ èdè sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí oníṣòwò Júù kan ní Manchester fi pe àwọn tí ń tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford lẹ́jọ́. Ní ọdún 1973 ni ó pàdánù ẹjọ́ náà. Síbẹ̀ àwọn ìwé atúmọ̀ òde òní ti ń fi àmì sí i pé èébú ni.

Àwa Yorùbá ń wí pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Gẹ̀ẹ́sì pa òwe náà mọ́ ní tirẹ̀: ilé baba ẹlòmíràn ni ó ń fi ọwọ́ òsì júwe. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jìbìtì kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà ṣe káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, pé ọlọ́rọ̀ kan wà lẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Sípéènì, kí ẹni tí ó gba lẹ́tà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ láti tú u sílẹ̀, yóò sì rí ìpín nínú ìṣúra rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n Sípéènì ni wọ́n ń pe jìbìtì náà. Nígbà tí irú lẹ́tà kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀ wa jáde ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e, ayé gba orúkọ náà kúrò lọ́rùn Sípéènì, ó gbé e kọ́ Nàìjíríà lọ́rùn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé a kò ní oníjìbìtì, àwa tí a ní ọ̀rọ̀ bí gbájú-ẹ̀ tí a sì ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tí ń ṣiṣẹ́ òru ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí, kí ni ó ṣe tí akọ̀wé báńkì fi ń wo ìwé ìrìnnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Irú ibi tí ọ̀rọ̀ ìṣe tí a mọ láti ara ẹ̀yà ń gbé ni dé nìyẹn. Ó ń fi ojú olè pamọ́ sínú ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò jalè.

Ní kóòtù, ìwúwo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jẹ́ ti irú mìíràn, nítorí pé ọ̀nà méjì ni ó wà, ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó sì ń sọ èyí tí olùfisùn yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ gbèsè lásán, ẹjọ́ owó ni, ọlọ́pàá kò sì gbọdọ̀ dá sí i. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kà á léèwọ̀ kí wọ́n mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn, òfin náà sì dára, nítorí pé àwa tí a ti wà níbẹ̀ mọ iye onígbèsè tí ó sùn ní àtìmọ́lé nítorí owó tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnìkan ti fi irọ́ gba owó náà, Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó ti wà láti ọdún 1916 ní orí kan fún un, orí 419 tí gbogbo ayé mọ̀. Ó sì ní òmíràn, orí 421, fún ẹni tí ó fi ọgbọ́n àrékérekè gba ohun olóhun. Yorùbá tí ènìyàn ń sọ nílé, "ó jẹ owó mi," gba ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ògbufọ̀ tí ó bá yára sọ ọ́ di "he owes me" ti ti olùfisùn sí ọ̀nà kan. Èyí tí ó bá sọ ọ́ di "he stole" ti tì í sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí a ń gbufọ̀ fún kò tíì yan èyíkéyìí. Gbólóhùn kan ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan tún ọ̀rọ̀ ṣe. Nítorí náà ni ògbufọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ láti tún ìbéèrè náà bi ẹlẹ́rìí: ìgbà wo ni ó jẹ ẹ́, báwo ni ó sì ṣe jẹ ẹ́?

N kò lè gbàgbé bíríkìlà kan tí ó pe agbaṣẹ́ṣe lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé àjákọ ọmọ iléèwé ni ó mú wá, tí ó ti fi bírò fa igi kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ṣe, sìmẹ́ǹtì sì ti gbẹ mọ́ etí ìwé náà tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé kóòtù fi ń fi ìka méjì ṣí i. Agbẹjọ́rò agbaṣẹ́ṣe náà dìde, ó béèrè bóyá oníbàárà òun fìgbà kan "refuse" láti sanwó. Mo yí i padà: "Ǹjẹ́ ó fìgbà kan kọ̀ láti san owó yín?" Ọkùnrin náà dáhùn pé, "Rárá o, Olúwa mi. Kò kọ̀ rí. Ojoojúmọ́ tí mo bá débẹ̀ ni ó ń gbà pé òun yóò san án." Agbẹjọ́rò ti ń jókòó kí ọ̀rọ̀ náà tó parí, nítorí pé apá àkọ́kọ́ ti tó o. Mo sọ apá kejì bí ọkùnrin náà ti sọ ọ́, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó fi sí i, adájọ́ sì gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ìwé àjákọ náà, ó wò ó pẹ́, ó ní kí n bi í léèrè iye ìgbà tí ó ti débẹ̀. Lẹ́tà tí agbaṣẹ́ṣe kọ wà lórí tábìlì, ohun tí ó sì wí ni pé owó náà ti di "deferred". Kò sí ẹni tí ó sún un síwájú nínú lẹ́tà náà. Owó náà ni ó dìde fúnra rẹ̀, tí ó rìn lọ síwájú. Bíríkìlà náà jàre, ó sì gba owó rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà ní ìbòòji. Ní ọjọ́ náà, ìbòòji tí ọ̀gá yìí wà ni ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo.

Ọ̀wọ́ kẹta nìyí, òun ni ó sì ti gba ilé ẹjọ́, iléeṣẹ́ àti ilé ìjọba kan láàárín ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ òṣùwọ̀n kòkó, ẹjọ́ alájọ tí ó kó àjọ jẹ àti ẹjọ́ ẹran tí wọ́n tà láìsan owó ni ó pọ̀; olùfisùn a na ọwọ́ sí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ, ẹni náà yóò sì wà níwájú wa, ojú rẹ̀ á máa wolẹ̀. Lónìí, ìwé ni a ń mú wá, inú ìwé náà kò sì sí ẹni tí ó ṣe nǹkan kan.

Síbẹ̀, kò yẹ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí "stabilise". Ní ọdún 1947 ni ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó sílẹ̀, ní 1954 ni ti Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀. Àlàyé wọn ni pé wọn yóò san iye tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀ ní ọdún ọ̀pọ̀, wọn yóò fi ìyókù pamọ́ kí owó àgbẹ̀ má baà wálẹ̀ ní ọdún ọ̀dá. Ọ̀pọ̀ nínú owó náà lọ sí ohun tí ojú rí, iléèwé, ọ̀nà àti ilé gogoro, n kò sì lè ṣe aláìmoore sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀dá dé nítòótọ́, tí owó kòkó já wálẹ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ já pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí wọ́n ní àwọn fi pamọ́ fún un kò sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bìtì tí kò peku, kí ó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Nígbà tí Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968, owó orí ni ó wà lẹ́nu wọn jù, ṣùgbọ́n iye kòkó wà nínú ìkùn wọn pẹ̀lú, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó ń pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní orúkọ tí ìwé ìjọba pè é.

Ẹ tún wo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Láti ọdún 2015 títí di 2018, nígbà tí owó epo ti já wálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìpele òkè níbẹ̀ ń gba ìdajì owó oṣù wọn, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, orúkọ tí wọ́n sì fún owó náà ni "modulated salary". Ọ̀rọ̀ orin àti ti rédíò ni "modulate", ohùn ni a ń fi ṣe. N kò sọ pé irọ́ ni ìjọba pa nípa àpò tí ó gbẹ. Àpò lè gbẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdajì tí a kò san gbèsè ni, orúkọ tí wọ́n sì fún un kò jẹ́ kí a gbọ́ gbèsè nínú rẹ̀. Bíbélì tí àwọn Kristẹni fi ń búra ní kóòtù kò gbà kí owó alágbàṣe sùn mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ di òwúrọ̀; àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú mọ ọ̀rọ̀ Ànábì pé kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ọ̀rọ̀ mímọ́ méjèèjì kò mọ "modulate".

Ṣé Yorùbá wá mọ́ tónítóní ni? Rárá. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, obìnrin jẹ́jẹ́, jókòó níwájú kóòtù nítorí owó àjẹsẹ́kù tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà iṣẹ́ rẹ̀, tí kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ìwé tí wọ́n kọ sí i wí pé "was not remitted". Nígbà tí ó kan òun láti sọ̀rọ̀, ó ní, "Wọ́n yọ ọ́, wọn kò fi í ránṣẹ́." Adájọ́ béèrè pé ta ni "wọ́n". Ìyá náà dákẹ́ lọ títí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì tún wí pé, "Àwọn náà ni, Olúwa mi." "Wọ́n" tiwa yìí, aṣọ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń bo olè ni àwa náà fi ń bò ó: wọ́n mú iná lọ, wọ́n kò san owó, wọ́n ti jẹ ẹ́. Ó rọ̀ wá lọ́rùn láti sọ ọ́, ó sì rọ ẹni tí ó ṣe é lọ́rùn pé a ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Láyé àwọn baba ńlá wa, onígbèsè kò ní irú ìrọ̀rùn yẹn. Àwọn tí ó bá ti ka ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ ní 1921, yóò rántí ológò, ẹni tí olówó rán lọ dógò ti onígbèsè nílé, tí yóò wọlé, tí yóò jókòó, tí yóò máa béèrè oúnjẹ, tí yóò máa pariwo, títí àdúgbò yóò fi mọ̀, tí a ó sì fi wá owó san. Ìkà wà nínú àṣà náà, n kò fẹ́ kí ó padà. Ohun rere kan ṣoṣo tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé gbogbo àdúgbò mọ ilé tí gbèsè wà.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ògbufọ̀ tí ẹ gba ipò wa, ẹ̀yin agbẹjọ́rò tí ń bá oníbàárà yín sọ Yorùbá, àti ní pàtàkì ẹ̀yin tí ń yí ìròyìn padà fún rédíò láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sọ ẹni tí ó jẹ ẹ́, orí ta ni a ó gbé igbá náà lé? Bí lẹ́tà bá dé ọwọ́ yín tí ó wí pé owó ìfẹ̀yìntì ti di "deferred", ẹ má ṣe kà á fún àwọn arúgbó pé a ti sún un síwájú. Ẹ sọ ẹni tí ó jẹ gbèsè náà, ẹ sọ iye rẹ̀, kí ẹ sì sọ oṣù tí ó yẹ kí ó ti san án.